Pèrégún Ààlà Tí O Ṣí Nípò

Igana, nígbà tí àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀

Tómilọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Kútọnu, mo kí ọ kú ìjókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ níwájú ẹ̀rọ tí kì í mí, tí kì í jẹun. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé orí kò fọ́ ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ oko nígbà tí olóko bá ń sùn yóò máa ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí alùpùpù zẹ́mì gbá ọ, kò ní jẹ́ kí onílé lé ọ síta. Rébecca màmá rẹ ń kí ọ. Àwa náà wà láàyè, bó bá jẹ́ ti ká mí nìkan ni.

Òjò ọdún yìí kò burú. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Orúnkún màmá rẹ ṣì ń dùn ún, ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ. Wọ́n ti ri irin gíga kan mọ́ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní òun ló ń gbé ohùn wa dé Kútọnu. Mo lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an láti pè ọ́, torí mo rò pé bí mo bá sún mọ́ ọn ohùn mi á tètè dé, mo tiẹ̀ gbójú sókè kí ọ̀rọ̀ náà lè gùn ún dáadáa, síbẹ̀ o kò gbé e.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bíìkì kọ̀wé sí ọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí eré inú fóònù pọ́táàbù yín ṣe fún wa, kí o gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, ẹ̀rín lo kọ́kọ́ rín.

Ṣé o rántí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí tí o wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa? Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí o kò wálé. O dé, o kò béèrè oúnjẹ, o ní kí n mú ọ rin gbogbo ọ̀nà láti Pobè títí dé oko wa. Ò ń bi mí pé níbo ni àlejò ti sábà máa ń ṣìnà, kí ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí tó bá yọ sí oríta, kí ló máa fi mọ̀ pé ọ̀tún ló yẹ kóun yà. Ò ń bi màmá rẹ pé èló ló ń ta agolo epo kan, kí ló ń fi èrè rẹ̀ rà. Ẹ̀rù ba màmá rẹ, ó ní àbí àwọn agbowó-orí ti gba ọmọ òun síṣẹ́ ni. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní ọmọ tó bá ń béèrè ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, ogún rẹ̀ ló ń béèrè. Ni mo bá mú ọ dé ìdí pèrégún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí bàbá mi gbìn sí ààlà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ̀yìn ọ̀pẹ ni ààlà wa wà o, Tómilọ́lá, ọ̀pẹ mẹ́tàlélógún wọ̀nyí, tiwa ni, epo wọn ló rán ọ níléèwé. O ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. O ní, Pàpá, èyí dára gan-an, màá fi í sínú iṣẹ́ wa. Mo gbọ́ iṣẹ́, mo rò pé iṣẹ́ ìjọba ni. Mo sọ fún màmá rẹ pé ọmọ wa ti kọ ilẹ̀ wa sínú ìwé tí ikán kò lè jẹ.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Onígbóló, owó ilẹ̀ sì fò sókè. Bọ́láwájí, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi, tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, ẹni tí o máa ń pè ní Fofó bí ẹ̀gbọ́n rẹ, jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó hú pèrégún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dáná sun wọ́n, ó fi gbágùúdá bo ojú ibẹ̀. Ó ní láti ìgbà bàbá òun, iwájú ọ̀pẹ ni ààlà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn, nítorí náà òun ló ni ọ̀pẹ.

N kò bínú. Ẹ̀rín ni mo rín. Mo pè é lẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà. Ṣóbándé tó jẹ́ olórí wọn bi mí pé ta ni ẹlẹ́rìí mi, torí àwọn tó bá bàbá mi gbin pèrégún ti kú tán. Mo ní mo ní ẹlẹ́rìí kan tí kì í kú, tí kì í sì í gba rìbá. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o kò gbé e. Nígbà tó yá o fi ohùn ránṣẹ́, ohùn rẹ ń sáré, o ní o wà ní ìpàdé réúníọ́ọ̀nù, o ní eré yín ti jáde, Pàpá, ẹ̀yin gan-an wà nínú rẹ̀, oko wà níbẹ̀, pèrégún wà níbẹ̀, ẹ ní kẹ́nì kan bá yín fà á sórí pọ́táàbù. Eré lo pè é lóòótọ́. Èmi rò pé gbogbo iṣẹ́ tí kò bá ti la ọkọ́ lọ lẹ̀yin ọmọ Kútọnu ń pè ní eré.

Lọ́jọ́ ìjókòó, Arlette, ọmọbìnrin tó máa ń bá àwọn àgbà kọ̀wé, fà á sórí pọ́táàbù tirẹ̀. Kó tó ṣí i, mo dìde, mo fọwọ́ sáyà, mo ní ẹ̀yin àgbà, ohunkóhun tí iṣẹ́ ọmọ mi bá fi hàn, orí rẹ̀ ni mo dúró sí. Arlette ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, eré ni nǹkan yìí o, kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Mo ní kó má fojú kékeré wo ọmọ mi. Ṣóbándé bi Bọ́láwájí bóyá òun náà gbà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí, ó wá ní òun gbà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwa méjèèjì tẹ̀ka.

Ó ṣí i. Tómilọ́lá, omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Pobè ni mo rí, ilẹ̀ pupa wa ni mo rí. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè kan dúró lójú ọ̀run tó ń tọ́ni sọ́nà, bí Arlette bá yà sósì, ọfà á yí, á ní ọ̀tún ni. Mo ní ẹ wò ó, ẹlẹ́rìí tó ń fìka tọ́ka! Ó mú wa dé oríta, èmi fúnra mi ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà mi, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn èèyàn pariwo. Bàbá inú pọ́táàbù yẹn la ẹnu sọ Faransé tí èmi kò gbọ́ rí, Arlette sì túmọ̀ rẹ̀, ó ní, àlejò, ewúrẹ́ mi sọnù, bá mi wá a, màá fún ọ ní àádọ́ta owó wúrà. Ṣóbándé bi mí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, pé níbo ni mo ti rí wúrà. Mo ní n kò mọ̀, bóyá ọmọ mi ló fi í sápò mi. Arlette ní gbogbo ẹni tó bá kọjá ni bàbá náà ń fún ní àádọ́ta, kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ni Marcelline, ìyàwó Bọ́láwájí, bá ní, ṣé ẹni tó ní irú owó báyìí ló ń bá wa du ọ̀pẹ?

A kọjá lọ́jà. Agolo epo kan, owó wúrà méjì. Idà kan, ẹgbẹ̀rún. Màmá rẹ ní kí Arlette tún un kà. Arlette ní àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ já owó epo wálẹ̀, torí bí epo bá ń mówó wọlé, àwọn tó ń ṣeré á jókòó ti ọ̀pẹ, wọn kò ní rìn, wọn kò ní jà. Ó ní ẹnubodè kan tún wà níwájú tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá, kí owó má bàa pọ̀ jù lọ́wọ́ ará ìlú. Ìyẹn yé mi láìbéèrè, mo ti lọ sí Nàìjíríà rí. Ṣùgbọ́n ti epo kò yé mi. Ìwọ lo mọ iye agolo tí màmá rẹ tà kí o tó jókòó ṣe ìdánwò bákì. Ìwọ náà lo wá dá a ní owó méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọfà mú wa wọ oko. Pèrégún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n ń tàn bí àtùpà. Iwájú ọ̀pẹ ni wọ́n wà. Arlette yí pọ́táàbù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rìn kọjá wọn, ó padà. Iwájú ọ̀pẹ ni. Ó ya Bọ́láwájí pàápàá lẹ́nu. Ṣóbándé ní, Ògúnlékè, ọmọ rẹ ló sọ ọ́, kì í ṣe àwa.

Ọjọ́ náà lo tó gbé fóònù. O rẹ́rìn-ín, o wá bú sẹ́kún. O ní ọ̀gá yín ló sọ pé bí oko ṣe wà kò dùn, pé ẹni tó bá dúró ní oríta kò ní rí pèrégún lẹ́yìn ọ̀pẹ, á ṣìnà, á bínú, á pa eré yín tì, lẹ bá fà wọ́n wá síwájú. Mo ní fọ́tò tí o yà ńkọ́? O ní pọ́táàbù àtijọ́ yẹn ti bàjẹ́. O ní, Pàpá, n kò mọ̀ pé ó lè dà báyìí. Mo gbà pé o kò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń sọ fún ọ, àlejò tí kò tíì dé ni ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má bàa ṣìnà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, màmá rẹ lọ ṣa ẹyìn nídìí ọ̀pẹ wa. Marcelline ló gbà á ní alágbàṣe. Kò sọ fún mi, ẹ̀gún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó gba ẹgbẹ̀rún kan fáránkì àti abọ́ epo kan, ó gbé abọ́ náà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò tíì fi í se nǹkan kan.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Mo fẹ́ pe awọnlẹ̀ kó wá ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́ ààlà ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó ń béèrè ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún fáránkì. Fi èyí tí o bá rí ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fún mi fún owó gbígbà ṣì wà, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo aládùúgbò kó má bàa sọnù. Bí owó oṣù rẹ kò bá tó, tọrọ lọ́wọ́ bàbá tó wà ní oríta inú eré yín. Ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń fún ní àádọ́ta, kò yẹ kó fi ọmọ rẹ̀ dù ú.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Ọmọ tí ìwọ náà yóò bí yóò wá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, yóò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnlékè