Okùn Àwọ̀n Inú Pijó Bàbá

Ṣọ́ọ̀bù mi, Àjàrá,
Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Fàthíà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le, ṣé Àjàṣẹ́ tura? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tiwa náà le, ṣùgbọ́n ilé kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá ti dárúkọ Bàbá ni o máa ń gé e, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá náà ni mo fẹ́ sọ. Mọ̀dínátù tó ń ná ọjà Sẹ̀mẹ̀ ni mo fi ìwé yìí rán. Ìwé kò ṣe é gé bíi fóònù, àfi kí o fà á ya. Jọ̀ọ́, kà á tán ná.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí Bàbá ti lọ. O ò wá síbi ìsìnkú, o ò wá sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn èèyàn bi mí, mo ní ara ọmọ rẹ ni kò yá. Kí Ọlọ́run dárí irọ́ náà jì mí. Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí Abdulbasit àbúrò wa fi Pijó Bàbá ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ lójú títì, tó lọ kọlu tírélà tó dúró, tó sì kú, kò tó oṣù mẹ́ta tí Bàbá fi gbé ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń lu bọ́dì, tí Bàbá sì tún ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Bàbá, irin lẹ fẹ́ràn ju ọmọ lọ." Bàbá kò fèsì. Títí wọ́n fi kú, wọn kò fèsì.

Mi ò bá ọ wí nígbà náà, nítorí èmi náà ní ohun tí mo dì sínú sí ọkọ̀ yẹn. Mẹ́káníìkì ni mí, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó ń dójú tì mí tó ti Bàbá. Bí o bá rọra tẹ iná, á máa lọ jẹ́jẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì, á kọ́kọ́ gbé èémí mì, á jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ́ẹ̀ kú, kó tó rántí pé ọkọ̀ lòun. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń wo ọkọ̀ gbogbo ìlú sàn, mi ò rí ti bàbá mi wò. Bí mo bá sì ti sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, Bàbá á ní, "Epo ẹnubodè ni, omi wà nínú ẹ̀. Fi sílẹ̀." Mo rò pé wọn kò fọkàn tán ọwọ́ mi ni, ó sì dùn mí wọ egungun.

Lẹ́yìn fìdáù, Màmá ní ká ta Pijó. Jethro, ará Apá tó ń ta àgbọn, wá dán an wò. Nígbà tó gbé e dé, ó mi orí, ó ní, "Mẹ́káníìkì, ẹ̀rù eré ń ba ọkọ̀ yín yìí o. Ẹ tún un ṣe, mà á rà á." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, tí kò sí ẹni tó lè ní kí n fi sílẹ̀ mọ́.

Mo fa epo inú táńkì sínú ìgò, mo gbé e kalẹ̀ títí ó fi tòrò. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì mọ́, iná ń dé ara wọn, fílítà kò dí. Mo wá ṣí orí kabúrétọ̀. Páńpù kékeré kan wà lára rẹ̀, òun ló ń bu epo kún ti ẹ́ńjìnnì nígbà tí èèyàn bá tẹ iná lójijì. Bí o bá pa ọkọ̀, tí o fi ọwọ́ fa ibi ìtẹná, epo gbọ́dọ̀ tọ̀ jáde sínú ọ̀fun kabúrétọ̀ lójú rẹ. Mo fà á, ọ̀fun gbẹ. Mo tún fà á, ó gbẹ. Mo rò pé rọ́bà páńpù ló ti ya. Mo ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ kan okùn.

Fàthíà, okùn àwọ̀n ni. Ẹnì kan ti yọ irin tó so páńpù mọ́ ibi ìtẹná, ó fi okùn aláwọ̀ ewé dè é kó má lè mira. Kókó mẹ́ta ló ta sí i, irú èyí tí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe máa ń ta, tí omi kì í tú. Ta ló ń ta irú kókó bẹ́ẹ̀ nílé wa, bí kò ṣe Bàbá tó fi àwọ̀n híhun tọ́ wa?

Mo lọ bá Màmá. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó lu bọ́dì rẹ̀ dé ni Bàbá dè é, tí Bàbá sì ní, "Bí mo bá tà á, ọmọ ẹlòmíì ni yóò gbé e sáré. Bí àwọn ọmọ mi bá sì mọ̀, wọ́n á tú u." Mo bi Màmá pé kí ló dé tí Bàbá kò fi dá Fàthíà lóhùn. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ń dúró de àwọ̀n ní Ìwòrò lọ́jọ́ burúkú yẹn, pé Bàbá ló ju kọ́kọ́rọ́ sí Abdulbasit, tí wọ́n ní, "Sáré lọ, sáré bọ̀." Lẹ́yìn tí o sọ ọ̀rọ̀ rẹ, Bàbá wọlé wá sọ fún Màmá pé ohun táwọn ṣe burú ju ohun tí ọmọ náà sọ lọ, nítorí náà àwọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mi ò kọ èyí láti dá ọ lẹ́bi. Ẹyin lohùn, tìrẹ ti bọ́, èyí tí mo ń rò sí Bàbá nínú ọkàn mi fún ọdún mẹ́jọ kò sì sàn ju tìrẹ lọ. Ó kàn dùn mí pé àwa méjèèjì pẹ́ kí a tó mọ̀.

Nítorí pé Jethro ń dúró, mo tú okùn náà. Mi ò gé e, mo fi sùúrù tú u ni. Mo dá irin padà sáyè rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ jáde, mo tẹ iná. Ó fò. Ó dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ibi tí tírélà yẹn dúró sí lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí iná. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo ti sọ fún Jethro pé mi ò tà á mọ́. Mo fẹ́ dè é padà, ṣùgbọ́n mo ti fi okùn mìíràn ta kókó náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń tú. Màmá gbìyànjú, tiwọn náà tú. Nígbà tí Bàbá ń kọ́ni, èmi máa ń sá lọ wo mọ́tò, Abdulbasit kò sì lè jókòó. Ìwọ lo máa ń jókòó tì wọ́n lábẹ́ àgbọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ nìkan ni ọwọ́ Bàbá ṣẹ́kù sí. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni àdúrà ogójì ọjọ́. Wá bá wa dè é. Mi ò ní ṣíná Pijó títí o fi máa dé.

Kí Ọlọ́run Ọba kẹ́ Bàbá, kó kẹ́ Abdulbasit, kó sì fojú àánú wo àwa tó kù. Kó dá àwọn ọmọ rẹ sí, kí ẹsẹ̀ wọn má ṣe yá ju orí wọn lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ bàbá rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Abdulrauf.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: okùn náà ni mo ká sínú ìwé yìí. Òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀, má fọ̀ ọ́. Má sì fà á nà. Ibi tí Bàbá ta kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ṣì ká kò síbẹ̀, o máa rí i.