Mẹ́fà Ni Ẹ Rí, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ojú yín kò ṣàìsàn rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí n tó tún wá àwáwí. Mẹ́fà ni ẹ rí lórí ìwé mi lọ́jọ́ náà, mẹ́fà náà ni mo kọ. Èmi ni mo pa á rẹ́.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún báyìí. Mò ń ta irin kọ́tìnnì ní Tẹ́júoṣó, mo níyàwó, mo bímọ, mo sì ń ṣe bí èèyàn gidi láàárín àwọn èèyàn.

Ẹ rántí iṣẹ́ Alhájì tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìjọ́rà? Ó fẹ́ irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí àpò sìmẹ́ńtì yóò máa yọ̀ lórí wọn, láti ẹnu ọ̀nà òkè, kọjá lórí gọ́tà, wá sórí pèpéle tí ọkọ̀ ń dúró sí. Ẹ ti yọ okùn yín lápò, ẹ fẹ́ lọ nà án láti òkè dé pèpéle bí ẹ ti máa ń ṣe. Okùn yẹn, tí ẹ máa ń fi eyín fa kókó rẹ̀ le. Èmi ọmọ SS2 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní TD, ẹ̀kọ́ yíya àwòrán iṣẹ́ ọwọ́, mo rẹ́rìn-ín lójú oníbàárà yín.

"Bàbá, ayé okùn ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàwé yà á."

"Ha! Bàbá Wẹ́dà," ni Alhájì wí, "ọmọ ti gba ipò lọ́wọ́ yín o!"

Inú yín dùn. Ẹ ká okùn padà sápò. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn, pé inú yín dùn.

Alhájì pe bí gọ́tà ṣe fẹ̀ tó àti bí ẹnu ọ̀nà ṣe ga tó, mo sì ya irin náà lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe máa rí i, àti bí ẹni tó wò ó láti òkè ṣe máa rí i. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ohun pẹlẹbẹ tó bá dà gẹ̀rẹ̀, tí èèyàn bá wò ó láti òkè, ṣe ló máa ń kúrú. Inú àwòrán ẹ̀gbẹ́ ni gígùn rẹ̀ tòótọ́ wà. Tòkè ni èmi lọ wọ̀n. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ wò ó, ẹ gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní mẹ́fà, ẹ sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wa ní Mùṣin, ẹ ń fi í han gbogbo ẹni tó bá yà.

Ọjọ́ tí ẹ gbé irin lọ sí Ìjọ́rà gan-an ni tíṣà wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gígùn tòótọ́ yẹn ní kíláàsì. Mo yà á lẹ́yìn ìwé, mo wọ̀n ọ́n: méje ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe lu agogo, mo sáré láti Yábàá dé Mùṣin. Ẹ ò tíì dé. Mo fi rọ́bà pa mẹ́fà rẹ́, mo kọ méje ààbọ̀ síbẹ̀, mo wá fi ìka tó dọ̀tí rà á, kó má baà dà bíi tuntun.

Ẹ wọlé, Alhájì ń pariwo bọ̀ lẹ́yìn yín.

"Kò dé òdìkejì! Orí omi gọ́tà ló rọ̀ dirodiro sí! Ta ló wọn ìwọ̀nkuwọ̀n yìí?"

"Mẹ́fà ló wà nínú ìwé, Alhájì," lẹ wí.

"Ẹ lọ wò ó dáadáa, Bàbá," ni mo dáhùn. "Méje ààbọ̀ ni mo kọ."

Ẹ lọ síbi ògiri. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ nu ojú, ẹ tún sún mọ́ ọn.

"Bàbá Wẹ́dà," ni Alhájì wí, "ẹ lọ jókòó sílé. Afọ́jú kì í gé irin."

Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì títì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó dùn mọ́ mi. Aṣọ yín tí iná ti dá lu, tí ẹ máa ń wọ̀ wá síbi ìpàdé òbí, tí ojú fi ń tì mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí màá gbẹ̀san rẹ̀. Irú ọmọ wo nìyẹn? Àbí ṣe ni mò ń bu ara mi ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ lè ṣàánú mi? Mi ò mọ̀.

Dókítà ojú ní kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ẹ ò gbà. Ẹ ra oògùn fúnra yín, ẹ ní kí èmi máa kán an láràárọ̀, pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ẹ máa ń gbé orí sẹ́yìn, ẹ máa ń lajú sílẹ̀, bó bá ṣe ń ta yín lẹ máa ń súre fún mi. Ọdún méjì gbáko. Mò ń kán an, mò ń ṣe àmín. Ẹ kó ẹ̀rọ yín fún ẹlòmíì, ẹ di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu géètì ní Àgùdà, ẹ ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ṣé ẹ tilẹ̀ fura rí? Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ di ọwọ́ mi mú, tí ẹ wò mí pẹ́, kí lẹ rí?

Ẹ kú, ọ̀rọ̀ náà ò kú. Ọmọ mi obìnrin, Mọ́rẹ́nikẹ́, fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Màmá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, fárígá.

"Ojú ló pa iṣẹ́ bàbá bàbá ẹ. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ilé yín. Wá iṣẹ́ tí wọn kì í fojú ṣe."

"Màmá àgbà, iṣẹ́ wo ni wọn kì í fojú ṣe?"

"Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Dádì, ẹ bá mi dá sí i."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní, "Gbọ́ ti màmá mi."

Ó ti yí fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀la ni wọn yóò tì í. Títí di ọ̀la, ó ṣì lè yí i padà. Màmá wà ní pálọ̀, etí rẹ̀ dá ṣáká. Gbólóhùn kan péré ni. Kàkà kí n dìde lọ bá a, ẹ̀yin tí ẹ ò lè bi mí léèrè ni mo jókòó kọ̀wé sí. Mo mọ ara mi, Bàbá. Mi ò ní dìde.

Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ gbà gbọ́ ju ojú yín lọ.