Owó Orí Tí Ẹ Ní Kò Pé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lánàá ni mo tó jíṣẹ́ tí ẹ rán mi sí Màmá. Ọdún méje ni mo fi wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi dé yàrá wọn lẹ́yìn gáréèjì Ore, kò tó ẹni í gun kẹ̀kẹ́ sí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Kóòtù ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká ni. Màmá ti dá owó orí yín padà níwájú adájọ́, nítorí pé ẹ gba oko kòkó àbúrò wọn ní Agbabu, nígbà tí kò rí owó tí ẹ yá a san. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ yà sọ́dọ̀ mi, ẹ ha bàtà mọ́ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta bí ìṣe yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ gbé owó náà lé mi lọ́wọ́, nínú aṣọ ìnujú búlúù tí Màmá fi dì í.

"Dá a padà fún ìyá ẹ. Sọ fún un pé kò pé. Kó wá sílé wá kà á."

Ẹ̀yin! Ẹni tó ń yá gbogbo Odigbo lówó, tó ń fi ojú lásán ka owó! Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jíṣẹ́. Ọlọ́jà ni mí. Mo ní bí mo bá dá yín dúró díẹ̀, ẹ ó dá oko náà padà, ẹ ó sì fẹsẹ̀ ara yín wá. Ta ló kọ́ mi ní irú ìnájà bẹ́ẹ̀ bí kì í ṣe ẹ̀yin?

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bá òkú yín ní ahéré yín ní Araromi-Obu, níbi tí ẹ ń sùn nítorí pé ilé ti dákẹ́ jù. Àdá ni wọ́n fi pa yín. Bí mo bá ti jíṣẹ́, ṣé ilé kọ́ ni ẹ ò bá wà?

Ọlọ́pàá mú olè méjì, wọ́n jẹ́wọ́. Ẹnu ará ilé ni kò dákẹ́: "Obìnrin tó kọ ọkọ, tí ọkọ kú lọ́sẹ̀ kan náà?" Àwọn àbúrò yín kò jẹ́ kí Màmá ṣe opó, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Gbólóhùn kan lẹ́nu mi, pé ẹ ò gba owó orí náà, ì bá gbà wọ́n. Mo gbé e mì.

Ìjọba sọ pọ́n-ùn di náírà, gbogbo ayé tò sí báǹkì. Èmi tí kọ́bọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò pààrọ̀ owó orí náà. Ó ti di bébà lásán nísàlẹ̀ àpótí.

Lóṣù tó kọjá, àìsàn gbé Màmá ṣánlẹ̀. Wọ́n ní ká sin àwọn sílé bàbá àwọn, pé àwọn ò ní ọkọ. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Mo kúnlẹ̀ lánàá, mo jíṣẹ́ yín bó ṣe rí. Wọn ò bú mi. Wọn ò wò mí. Wọ́n gba aṣọ ìnujú búlúù náà lọ́wọ́ mi:

"Ó ní kí n wá sílé wá kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Alágídí!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo nawọ́ láti bá wọn tú u, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún àwọn àbúrò yín. Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Màmá ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láàárọ̀ yìí láti padà sílé yín. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn. Owó náà wà láyà wọn, wọn ò tú u. Bàbá, ìyàwó yín ń bọ̀ wá kà á. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ lójú ọ̀nà.