Ìrù Màlúù Tí Wọ́n Gbé fún Fúnmilọ́lá Sìn

Ìlọ́fà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 1984.

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìbàdàn? Ṣé ara le, ṣé o sì ń jẹun kánú? Bí o bá bi wá, ẹ̀mí wa wà. Àdúrà tí a gbà fún ọ ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Keziah ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú wa ti bí ìbejì, òjò sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Olóyèdé awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ẹni tó kúkú ń bọ̀ ní Ìbàdàn kò yẹ kó máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo nígbà tí sítáǹbù wọ́n.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ gbé fún ọ ní yunifásítì ni pé kí o máa gba ìrù màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, kí o yọ tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín eegun kan sí èkejì, kí o gbé e sínú àwo gíláàsì, kí o máa fún un ní oúnjẹ olómi, kí o sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó má baà kú. O ní ẹ ń gbé ẹrù lé e, kí ẹ lè mọ bí tìmùtìmù ẹ̀yìn ènìyàn ṣe ń bàjẹ́ àti bí a ṣe lè tún un ṣe. O ní irú rẹ̀ ló bàjẹ́ ní ìbàdí mi, pé bí mo bá tún kọ ebè, ó lè di pé n kò ní lè rìn mọ́, kí n wá rí dókítà tí o ti bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí mi ń bọ̀. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ìrù. Ẹran tí kì í ṣe tìrẹ, tí ìwọ ń fún lóúnjẹ, ẹran àgbàsìn ni. O mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá gba ewúrẹ́ sìn, àkọ́bí jẹ́ ti olówó ewúrẹ́, èkejì jẹ́ ti ẹni tó sìn ín. Oṣù mẹ́rin lo ti ń sin ìrù wọ̀nyí, o kò sì dárúkọ ìpín rẹ. Mo bi àwọn àgbà méjì. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ìrù tó bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé bí mọ́kànlélógún bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mẹ́wàá jẹ́ tìrẹ, kí ẹ la ẹyọ tó kù sí méjì. Kúnlẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ, má bá a jà. Bí ọ̀kan bá sì hù títí tó fi kan itan, kí ẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí itan náà kó tó di ìjà.

Kí n má baà máa sọ ohun tí n kò mọ̀, mo lọ ra ìrù kan lọ́wọ́ Sùnmọ́nù alápatà ní Ọ̀sì, náírà mẹ́ta. Ó bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sè, mo ní rárá, sísìn ni mo fẹ́ sìn ín. Ó wò mí títí, ó dá àádọ́ta kọ́bọ̀ padà fún mi, ó ní kí Ọlọ́run fún ìyá Fúnmilọ́lá ní sùúrù.

Mo yọ tìmùtìmù méjì, mo fi wọ́n sínú àwo tánńganran méjì, mo bu omi ṣúgà sí wọn, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo gbé òkúta lé ọ̀kan, mo gbé ọmọ ọlọ ìyá rẹ lé èkejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ mú ọmọ ọlọ rẹ̀, ó fi lọ ata, kò dá a padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èyí tó wà lábẹ́ òkúta ti tẹ́ bí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ti mumi, ó ti wú, ó ń dán. Ní ọjọ́ kẹta ìyá rẹ da méjèèjì fún ajá. Ajá gbóòórùn wọn, ó lọ jẹun nílé Lábọ̀dé aládùúgbò wa.

Ohun tí n kò fẹ́ kọ nìyí. Lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé, mo lọ sóko. Mo kọ ebè mọ́kànlá. Níbi tí mo ti ń kọ ìkejìlá, ẹsẹ̀ òsì mi kú. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín poro títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, kí ìyá rẹ tó wá mi dé ibẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí èyí tó wà lábẹ́ òkúta, mo ṣírò rẹ̀ pé ogójì ọdún ni èmi náà ti wà lábẹ́ tèmi, kò sì sí ẹni tó fi òkúta mi lọ ata.

Nítorí náà, mo ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù dókítà tí o fi sínú lẹ́tà rẹ béèrè bí mo ṣe wúwo tó. Lábọ̀dé tó ń ra kòkó gbé mi kọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀, ó ní kìlógíráàmù mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo wọ̀n, ó sì yọ méjì nítorí pé n kò gbẹ dáadáa. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kọ. Jọ̀wọ́, sọ fún wọn pé n kò lè bá ìrù sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, àti pé omi ṣúgà kì í yó mi. Iyán ni kí wọ́n fún mi.

Ẹgbẹ̀ta ebè ló kù. Alágbàṣe ń gba náírà mẹ́wàá lórí igba, ọgbọ̀n náírà nìyẹn. Oúnjẹ wọn mẹ́rin, owó ọkọ̀ mi mẹ́sàn-án. Mọ́kànlá wà lọ́wọ́ mi. Fi méjìlélọ́gbọ̀n tó kù rán Olóyèdé.

Láàárọ̀ yìí, mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọkọ́ mi fún ìyá rẹ. Ó lọ fi í pamọ́. Kò sọ ibi tó fi í sí fún mi, èmi náà kò sì bi í.

Kí Ọlọ́run tó fi owó kòkó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó fún ọ ní ọkọ rere, kó sì jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi méjèèjì rìn wá síbi ìgbéyàwó náà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Japhet Ìbítóyè.