Odó Kékeré Tí Màmá Mi Ní Kí N Gbé Fún Ìyá Ráṣídá

Màmá mi ló pa bàbá mi, kò sì mọ̀. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná... Ádímìn, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn, torí gbogbo àwa ọmọ Ìlọrin tó wà ní Niamey níbí la mọra wa, ẹnì kan á kàn ka ìlà méjì, á ti mọ ilé tí mò ń sọ. Àdúgbò Boukoki níbí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má wo Yorùbá mi tó ń kọsẹ̀, Zarma ni mo fi bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré, Faransé ni mo fi ń kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, èdè tí màmá mi fi ń jí mi láàárọ̀ nìkan ni mo lè fi sọ ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́, mo wà ní ọdún kejì. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run foríjì í, àlùfáà ni, inú ilé wa náà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ọsibítù fún un lóògùn oníhóró, kó lo ọ̀kan láàárọ̀ kó tó jẹun, kó lo ọ̀kan lálẹ́ kó tó jẹun. Bàbá mi kò fẹ́ràn oògùn rárá, bí Rámádánì bá sì ti dé, ó parí nìyẹn, á ní ààwẹ̀ gan-an ni oògùn, pé ta ni Ọlọ́run ń wẹ̀ nínú tó tún ń wá ọṣẹ kiri? Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ti sọ fún un pé kí ààwẹ̀ tó dé kó yọjú, kí dókítà wo bí yóò ṣe lo oògùn náà, tàbí bóyá kó má tilẹ̀ gbààwẹ̀ rárá. Ó ní ó dáa. Kò lọ. Ẹ wá mọ màmá mi? Màmá mi kò lè rí ohun tó máa pa ọkọ rẹ̀ lára kó dákẹ́.

Ló bá dá ọgbọ́n. Nínú Rámádánì, bàbá mi kì í ṣe é mú lálẹ́, mọ́sáláṣí ló ti ń ṣínu, ibẹ̀ náà ló ti ń kírun àṣàmù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀, ìgbà tó bá fi wọlé, oorun ti kùn ún. Àsìkò sààrì nìkan ló ń jókòó níwájú màmá mi. Torí náà màmá mi kó tàárọ̀ tàṣálẹ́ pọ̀, ó fi odó kékeré tó fi ń gún kánáfùrù gún hóró méjèèjì kúnná, ó pò ó mọ́ ògì jéró tí à ń pè ní kókò, ó fi atalẹ̀ àti ṣúgà bo ìkorò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mi á mu ún, á dúpẹ́, á mú ààwẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Èmi ni mo máa ń fọ odó yẹn bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń rí ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀, mo rò pé jéró ni.

Ọdún tó kú, inú ooru gan-an ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Àwọn olóṣèlú ń fi ọkọ̀ àti gbohùngbohùn yí àdúgbò ká, ẹgbẹ́ yìí ní ká dìbò fún òun, ẹgbẹ́ tọ̀hún ní irọ́ ni, ariwo yẹn ṣì wà létí mi títí di òní. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Òógùn tútù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè mú tẹ̀sùbáà. Ó pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú sí Ìlọrin kí wọ́n tó bí mi, ó ní kí n lọ mú ewúrẹ́ wọlé... a ò ní ewúrẹ́. A ní oòrùn ni. A ní ààwẹ̀ ni. Màmá mi ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á, ìṣínu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Páálí ṣúgà oníhóró wà lórí àwo níbi orí rẹ̀, èyí tá a ti tò kalẹ̀ pẹ̀lú dàbínù de ìṣínu. Ọwọ́ mi tó o. Ọwọ́ gbogbo wa ló tó o. Bàbá mi sùn, màmá mi ní kí ẹnikẹ́ni má jí i. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbì, ó ti lọ.

Níbi fídáù rẹ̀, gbogbo àlùfáà tó wàásù ló ń sọ pé ikú ẹni iyì ni, pé ẹni tó kú pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, kí la tún ń sunkún rẹ̀ sí? Ohun tó gbé màmá mi dìde nílẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn àti oògùn. Bí àwọn obìnrin bá pé jọ, á sọ fún wọn pé títí ọkọ òun fi kú, kò fo oògùn lọ́jọ́ kan, kò sì mọ̀ pé òun ń lò ó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọgbọ́n Ìyá Àlùfáà pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Àfi ìgbà tí tíṣà wa obìnrin dé orí bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lóògùn. Ó ní kí ọwọ́ wa tó gbé e, ká kọ́kọ́ bi ara wa: ṣé ẹni náà nìyí, ṣé oògùn náà nìyí, ṣé bó ṣe yẹ kó pọ̀ mọ nìyí, ṣé àsìkò rẹ̀ nìyí, ṣé ibi tó yẹ kó gbà wọ ara nìyí? Ó wá mẹ́nu ba irú oògùn tí bàbá mi ń lò. Ó ní ó máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èèyàn ì báà jẹun, ì báà má jẹun, oògùn kò mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Bó bá pọ̀ jù tí oúnjẹ kò sì sí, ẹni náà á làágùn, á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, á wá sùn. Ó ní bí wọ́n bá tètè fún un ní ṣúgà nígbà tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ó lè bọ́. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo ẹnu rẹ̀, torí ikú bàbá mi ló ń kà jáde. Lẹ́yìn kíláàsì, mo lọ bá a, mo ní bí èèyàn bá kó tàárọ̀ tàṣálẹ́ pọ̀ lásìkò sààrì ńkọ́? Ó wò mí, ó ní, “Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀?” Mo ní kò sẹ́ni.

Mi ò lè fi Kùránì búra, ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá gbọ́ òórùn kánáfùrù, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fún aláìsàn lóògùn ní ọsibítù tá a ti ń kọ́ṣẹ́, mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun títí á fi bínú sí mi. Bàbá mi ń wá sójú oorun mi, kì í bá mi jà, ó kàn máa ń bi mí ṣé mo ti mú ewúrẹ́ wọlé... Màmá mi ní tirẹ̀ ń sùn dáadáa.

Mi ò bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kí n gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n Ìyá Ráṣídá tó ń gbé ní Poudrière, ọ̀rẹ́ màmá mi, ọkọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ, ó ní ìtọ̀ ṣúgà bíi bàbá mi, òun náà sì ti ń sọ pé bí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, òun ò ní lo oògùn kankan. Ìyá Ráṣídá wá sunkún fún màmá mi. Ẹ ti mọ ohun tí màmá mi kọ́ ọ. Bó ṣe máa gún un, bó ṣe máa kó o pọ̀ fún sààrì, bó ṣe máa fi atalẹ̀ bò ó. Ó tún ní kí n gbé odó náà fún un, pé odó Ìyá Ráṣídá ń rùn fún ata, ọkọ rẹ̀ á fura.

Mo lọ o. Mi ò gbé odó lọ, ẹnu ni mo gbé lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà yẹn kò dáa, kó bá mi bẹ ọkọ rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ rí dókítà kí oṣù tó lé. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bí ọmọ kékeré, ó ní, “Ṣé o mọ̀ ju ìyá rẹ lọ ni? Ohun tó ṣe fún bàbá rẹ kọ́ nìyẹn, tí bàbá fi kú ikú ẹ̀yẹ?” Ohun kan ṣoṣo tó lè yí i lọ́kàn padà ni òótọ́, òótọ́ náà kò sì ní sùn sí Poudrière, á dé ọ̀dọ̀ màmá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń da màmá mi láàmú, ìtọ́jú tó ṣe fún ọkọ rẹ̀ yìí nìkan ló kù tó fi ń gbé orí sókè. Ṣé kí n bá ọkọ Ìyá Ráṣídá sọ ọ́ fúnra mi, kí n tú ilé onílé ká? Ṣé kí n dákẹ́, kí ọmọ ẹlòmíràn náà máa wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà? Bí mo bá sọ fún màmá mi, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn wo ló máa ṣáájú?

Odó náà wà nínú báàgì mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni mò ń hù, odó kò wọ́n ní Niamey, ó lè ra òmíràn. Láàárọ̀ yìí, màmá mi bi mí ṣé mo ti gbé e dé ọ̀hún, mo parọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní bí òun ṣe tọ́jú bàbá mi ni kí Ọlọ́run jẹ́ kí èmi náà mọ ọkọ tọ́jú.

Mo ṣe àmín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n ṣe? Ẹ bá mi dá sí i kí wọ́n tó rí oṣù.