Àtàǹpàkò Yín Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Náà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ; ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ni ò jẹ́ kí wọ́n lè kúnlẹ̀ mọ́. Orí àga ni wọ́n ti ń ka rósárì, orúkọ yín ló sì máa ń ṣáájú. Òrùlé yàrá ìwé mi ń jò. Korobá ni mo gbé sáàárín àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

Ẹ mọ̀ pé ṣáájú ìbò, mo kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé kí fadá yéé dárúkọ olóṣèlú lórí pẹpẹ, pé ìbò kì í ṣe Ara Olúwa tí wọ́n ń fi sí wa lẹ́nu. Wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù mí. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí pè mí ní Júdásì, ó ní ìwé àkàjù ti lé Ọlọ́run kúrò lọ́kàn mi. Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí àtàǹpàkò yín lábẹ́ ọ̀rọ̀ Júdásì náà, tí ẹ gbe ẹni náà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ di ọwọ́ ọ̀tún mi mú kọ́ mi ní àmì àgbélébùú, nítorí òsì ni mo máa ń nà! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí fadá ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, mo bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, àlàáfíà ò wọnú mi.

Màmá ti gbọ́ pé ẹ dá sí i. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ máa gbè ẹ́. Kà á fún mi, kí ló sọ?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín, á kó yín bọ̀ wálé láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màmá. Wọ́n ṣì ń dúró kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Àbúrò yín