Ìtàn Nóà tí mo sọ ní Kirikiri

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi bò tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí.

Ṣé gbogbo òtítọ́ ló yẹ kéèyàn sọ fún ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn tó lè dì mú? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn.

Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Ní Sátidé, èmi àtàwọn ará ìjọ wa máa ń lọ ka Bíbélì fáwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri. Collins, ọ̀kan lára wọn, ti ń retí ìdájọ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ; ìtàn Nóà, ẹni tí Ọlọ́run fi ọkọ̀ gbà là nínú ìkún omi, ló sì fẹ́ràn jù, ó ní ọkọ̀ tòun náà ń bọ̀.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, abeg, wọ́n ní àwọn abọ̀rìṣà kan ti ń sọ ìtàn yìí kí Bíbélì tó dé. Àbí irọ́ ni?"

Mo ti kà á nínú ìwé. Mo ní òótọ́ ni, pé àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ti kọ ọ́ sára wàláà amọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ táwọn kan ti wọ̀, tí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀ tipẹ́, ni mo wá ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Ó dá Bíbélì rẹ̀ padà fún mi. Láti ìgbà náà, àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá ẹ̀wọ̀n ní agbára káká ló fi ń jẹun.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n padà lọ sọ fún un pé irọ́ ni mo pa nípa wàláà amọ̀ yẹn, kó lè gba Bíbélì rẹ̀ padà? Èmi fúnra mi kò mọ ohun tí mo gbà gbọ́ mọ́.

Ilẹ̀ ti mọ́ bá mi nídìí lẹ́tà yìí. Mo ti pa àtùpà. Bíbélì Collins ṣì wà lórí tábìlì mi.